Sàláúdéènì Oníbúṣì

Sàláúdéènì kì í lè jókòó. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé wọn lẹ́yìn Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn, iṣẹ́ irin ni gbogbo ọkùnrin ń ṣe. Òun nìkan ni kì í pẹ́ nídìí ẹwìrì. Á fẹ́ iná díẹ̀, á dìde. Á jẹun díẹ̀, á dìde. Ìyá rẹ̀ a máa bi í pé, "Ta ló ń lé ẹ gan-an?"

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó gba Èkó lọ. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà gbà á síṣẹ́. Ọdún 1973 nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbẹ̀.

Búṣì ni wọ́n ń ṣe. Búṣì ni òrùka kékeré tí ọ̀pá irin àárín fáànù máa ń yí nínú rẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní Bẹẹrẹ náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀pá idẹ ni wọ́n ń gbẹ́, ìdajì rẹ̀ á sì dà sílẹ̀ ní èérún. Ní Ìkẹjà, wọn kì í gbẹ́ nǹkan kan. Ìyẹ̀fun idẹ ni wọ́n ń lò, ó kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Wọ́n á dà á sínú kòtò irin kan, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́, gbì, òrùka á yọ. Tí o bá fọwọ́ fún un nígbà yẹn, á rún mọ́ ẹ lọ́wọ́. Wọ́n á wá tì í sínú ààrò. Iná ààrò náà kì í pọ̀ tó èyí tó lè yọ́ idẹ, síbẹ̀ tí òrùka bá fi máa jáde, ó ti le. Ẹgbẹ̀rún kan lè jáde lóòjọ́, kí ọ̀kan má ju èkejì lọ. Ìyẹ̀fun tó bá dà sílẹ̀, wọ́n á gbá a, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́.

Ìdí ààrò ni Sàláúdéènì wà. Òun ló ń ti búṣì wọlé, òun ló ń kó o jáde. Tó bá ti kó o jáde, wọ́n á fi bárò gbé e lọ sí yàrá kan lẹ́yìn. Kò wọ yàrá yẹn rí. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń jáde pẹ̀lú òróró títí dé ìgúnpá. Alákàrà ni òun àtàwọn ará ìdí ààrò ń pè wọ́n.

Ní 1984, ìyẹ̀fun idẹ kò ti òkè òkun wá mọ́. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Wọ́n ní kí kálukú mú ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀. Búṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ààrò jáde ló wà nítòsí Sàláúdéènì. Ó gbé àpò kan, ó wọkọ̀ wá sílé.

Bàbá Màmúdù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ti di olórí àgbẹ̀dẹ nígbà náà. Sàláúdéènì gbé búṣì kan lé e lọ́wọ́, ó ṣàlàyé.

"Ẹ ò yọ́ ọ?"

"A ò yọ́ ọ, Bàbá."

"Ẹ ò lù ú?"

"A ò lù ú. A kàn tẹ̀ ẹ́, a tì í síná."

Bàbá Màmúdù yíjú sí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́. "Ẹ wá gbọ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún mọ́kànlá l'Ékòó, yẹ̀pẹ̀ ló ń yan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń fẹ́ iná gbàgbé iná. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹ́ Oníyẹ̀pẹ̀. Síbẹ̀, bàbá náà fún un ní ìsọ̀ kékeré tó wà níwájú agbo ilé, tó kọjú sí títì, pé kó máa tún fáànù ṣe níbẹ̀. Ìsọ̀ yẹn nìkan ni nǹkan tí Sàláúdéènì lè pè ní tirẹ̀ láyé.

Ara rẹ̀ tí kò balẹ̀ ló kó bá a. Obìnrin kan wà ní Òkè Bọ́lá, Felicia lorúkọ rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Búṣì ẹ̀rọ náà jẹ. Sàláúdéènì ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ní búṣì. Ó ṣa èyí tó tóbi jù nínú àpò, ó fi í sí i, ó wọ̀ wẹ́kú. Lọ́jọ́ kejì, òkúta bọ́ sínú ata ẹnì kan, ẹ̀rọ ta gìrì, búṣì lọ. Kò tẹ̀, kò fẹ̀. Ó fọ́ ni, bí àwo.

Felicia di èérún rẹ̀ sínú bébà, ó gbé e wá sí iwájú àgbẹ̀dẹ, níṣojú gbogbo wọn.

"Bùrọ̀dá Sàláú, ẹ gba bisikíìtì yín."

Bàbá Màmúdù ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ohun tó jáde nínú agbo ilé yẹn rí tó fọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dúró kí obìnrin náà lọ tán.

"Fáànù mọ́sálásí ń ké," ó ní. "Ìwọ lo máa tún un ṣe. Ọjọ́ tí wáàsí ààwẹ̀ bá máa parí, àwọn àlejò ń bọ̀ láti Yemẹ́tù. Ìdí fáànù yẹn ni èmi náà máa jókòó sí. Tó bá ké, kó yẹ̀pẹ̀ ẹ kúrò ní ìsọ̀ mi. Wàá padà sídìí ẹwìrì, níbi tí mo ti lè máa rí ẹ."

Ọmọ ọdún márùndínlógójì. Bàbá ọmọ mẹ́ta. Ìdí ẹwìrì.

Ó tú fáànù náà, ó yọ búṣì àtijọ́ tó ti jẹ, ó fi tirẹ̀ sí i, ó fi gírísì pa á. Ọjọ́ méjì, kò sí ariwo. Lọ́jọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kín-ín, kín-ín. Ó fi gírísì sí i, ó dákẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ààwẹ̀ parí, fáànù náà han láàárín wáàsí débi pé Ààfáà dákẹ́, ó wò ó.

"Ẹ jẹ́ á fún un láyè," Ààfáà ní. "Ó jọ pé òun náà ní wáàsí tirẹ̀."

Mọ́sálásí bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Màmúdù ń fi ojú wá Sàláúdéènì. Sàláúdéènì ti jáde.

Kò lè sùn, kò lè jẹ sààrì. Ó ń rìn láti Ọjà'ba dé ìsàlẹ̀ Mápó, ó ń tẹ́tí sí fáànù onífáànù nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Yésúfù, ẹ jókòó," ìyàwó rẹ̀ Ràbíátù ní.

"Mo ti jókòó."

"Orí ìdúró lẹ wà yẹn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ nídìí búútà, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Búṣì kan tó mú nínú àpò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Omi kán sórí búṣì náà, ó sì wọlé. Ó tún kán omi mìíràn sí i. Ìyẹn náà wọlé. Òùngbẹ ń gbẹ òun náà, ó ń wo irin tó ń mu omi níṣojú rẹ̀.

"Ìwọ ò gbààwẹ̀ nìyẹn," ó ní.

Ó sáré mú búṣì àtijọ́ tó yọ nínú fáànù. Ó kán omi sí i. Omi dúró lórí rẹ̀ bíi ti orí ewé kókò, ó yọ̀ dànù. Ó tẹ́ bébà sìmẹ́ńtì sínú oòrùn, ó kó méjèèjì lé e. Nígbà tó kírun tó padà dé, àmì òróró ti yí ìdí búṣì àtijọ́ ká. Ìdí tirẹ̀ gbẹ.

Ìgbà yẹn ló rántí bárò, ó rántí yàrá ẹ̀yìn. Ó rántí àwọn alákàrà. Iṣẹ́ kù lára búṣì ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ̀ kì í dí tán, ihò tí ojú ò lè rí ló kún inú rẹ̀. Òróró ló yẹ kó wà nínú ihò yẹn, kó máa sun jáde lára búṣì bí òógùn tí fáànù bá ń yí. Ihò yẹn kan náà ni kò jẹ́ kó lè dúró ti òkúta inú ata.

Ó da òróró ẹ́ńjìnnì sínú ìkòkò àlòpatì Ràbíátù, ó kó búṣì sí i, ó gbé e kaná. Afẹ́fẹ́ ń hó jáde lára búṣì ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà dáwọ́ dúró, ó fi irin yọ ọ̀kan kíá, ó nù ún, ó sáré lọ fi í sínú fáànù. Ọjọ́ kejì, kín-ín.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ràbíátù ló sọ ọ́. "Kí lẹ yọ ọ́ ní gbígbóná sí? Nígbà tó gbóná, ó ń mí síta. Kò tíì mí sínú tẹ́ ẹ fi mú un. Ẹ jẹ́ kó tutù síbẹ̀."

Wọ́n tún gbé e kaná. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tán, Ràbíátù sọ ìkòkò náà kalẹ̀, ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó síbí. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Láti ìgbà tí wọ́n kírun àílà títí di àlàásárì ni Sàláúdéènì fi wà lórí àpótí yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ò kúrò. Àwọn ará àgbẹ̀dẹ ń wá wò ó ní méjì méjì, bí ẹni ń wo òkú. Nígbà tí ìkòkò tutù, ó mú búṣì kan, ó nù ún gbẹ, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Òróró wà lójú àtàǹpàkò náà.

Ọjọ́ tí wáàsí parí, mọ́sálásí kún. Bàbá Màmúdù jókòó sídìí fáànù. Sàláúdéènì dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò lè wọlé. Nǹkan han, kín-ín! Ó yíjú wo títì. Bárò ẹnì kan tó ń kọjá lọ ni. Ohùn Ààfáà nìkan ló ń tinú ilé jáde, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Bàbá Màmúdù wá bá a ní ìsọ̀. Ó mú búṣì kan tí wọn ò tíì sè, ó kán omi búútà sí i, ó wò ó bí omi náà ṣe wọlé.

"Kèfèrí irin," ó ní. "Ti ẹ̀rọ ata ńkọ́?"

"Kò lè ṣe ti ẹ̀rọ ata, Bàbá. Kò fẹ́ ohun tó bá ń gbá a. Idẹ tẹ́ ẹ bá dà ló lè gbà á."

"O mọ̀ ọ́n báyìí." Ó ju búṣì náà padà sínú àpò. "Tí àpò yìí bá tán?"

"Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀ n'Ìbàdàn. Kòtò irin yẹn, oríṣi búṣì kan ṣoṣo ló ń ṣe. Ẹni tó bá máa ṣe mẹ́wàá kò lè dá a lé, àfi ẹni tó bá máa ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

"Ó tán nìyẹn." Bàbá Màmúdù fa àpótí kan, ó jókòó. "Ìsọ̀ ni ìsọ̀ ẹ. Ṣùgbọ́n wàá kọ́ bí a ṣe ń da idẹ kí àpò tó tán. Mi ò ní pè ẹ́ sídìí ẹwìrì. Èmi ni màá máa wá síbí. Jókòó ká sọ ọ́."

Sàláúdéènì jókòó.

Bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu tí fáànù télọ̀ òdìkejì títì fi han. Nígbà tí bàbá fi máa wẹ̀yìn, àpótí Sàláúdéènì ti ṣófo.