Bàbá Mi àti Ìwé Tí Kì Í Fèsì

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo búra pé n kò ní í bá ọmọ ọlọ́mọ jà mọ́. Ìbúra yẹn kò pé ọdún. Ní hólídè tó kọjá, mo yá ìwé méjìlá lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìjàgbó, mo pín wọn fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ọ̀fà. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá arúgbó kan, kó máa kàwé fún un nírọ̀lẹ́. Ọmọ á gbádùn, àgbà á rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Kí ọ̀gá náà tó kó wọn fún mi, ó na ìka sí mi. "Mọ́mì, bí ẹyọ ìwé kan bá lábàwọ́n, ẹ má wá yá òmíràn nígbà Kérésì o."

Mo ní kò séwu. Ẹnu mi yá jù.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá, ní bàbá mi lòun á kàwé fún. Ọdẹ ni bàbá mi kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé. Wọn ò kàwé rí. Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, mo gbé ìwé lọ síwájú wọn kí n kà á fún wọn. Wọ́n ní, "Gbé e kúrò. N kì í bá nǹkan tí kì í fèsì sọ̀rọ̀." Ó dùn mí gan-an. N kò gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Ìwé ẹranko lọmọ yìí gbé lọ. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kẹrin, mo figbe ta. Ó ti fi báírò kọ nǹkan sí gbogbo etí ìwé! Níbi tí wọ́n ti ní òòrẹ̀ máa ń ju ẹ̀gún rẹ̀ luni, ó kọ ọ́ pé: "Bàbá ní irọ́ ni. Ẹ̀yìn ló máa fi ń kọluni." Níbi tí wọ́n ya òkété sórí igi: "Bàbá ní kí ẹni tó ya èyí lọ bẹ òkété."

"Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Bàbá ni, mà. Wọ́n ní kí ẹni tó ṣe ìwé lè rí i."

Mo fi rọ́bà pa á títí bébà fi fẹ́ ya. Báírò wo ló ń gbọ́ ti rọ́bà? Gbogbo ọmọ àdúgbò ò wá ní í rí ìwé kà ní Kérésì nítorí òkété! Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbó, mo ń to ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu bí a ti ń lọ.

Ọ̀gá kà á, kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, níbi tí Bàbá ti ní irọ́ ni pé ọ̀yà máa ń lúwẹ̀ẹ́. Lójijì ló lu tábìlì.

"Rárá o! Ta ló ní ọ̀yà ò lè lúwẹ̀ẹ́? Ọdẹ ìlú Ọ̀jokù ló bí mi! Ojú mi báyìí ni ọ̀yà ṣe lúwẹ̀ẹ́ sọdá odò!"

Ó fa báírò pupa yọ, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ ti bàbá mi, ó sì gbé ìwé fún mi. Mo rọra bi í pé ìwé Kérésì ńkọ́.

"Kí bàbá yín kọ́kọ́ fèsì ná."

Nígbà tí mo délé, ọmọ ti lọ dirun. Mo sọ fún bàbá mi pé ẹnìkan kọ̀wé padà sí wọn, ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀yà yẹn ò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n nà tọ́ọ́rọ́ lórí àga. "Ìwé yẹn fèsì?"

"Ó fèsì, Bàbá."

Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ mi.

"Jókòó. Kà á fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ o."

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.