Kókó Tí Kò Dùn Ún

Àjàní, ọmọ a-kọ-ebè-títí-bá-odò, ọmọ a-fi-ẹ̀gbodò-pe-àlejò, àbúrò mi, olóríkunkun! Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó níbi ìkómọ náà, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ̀kan síbí. Oríkì tó o.

Oko rẹ̀ wà létí odò, lọ́nà Idigny. Ibẹ̀ ni kókó kékeré kan ti yọ sí i lójúgun. Ó wá sílé mi, ó na ẹsẹ̀. Màmá wa ti kọ́ wa: ohun tó bá wú lára, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó bá dùn ún, àìsàn ni. Bí kò bá dùn ún, ẹran ara lásán ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Oorun ló ń kùn mí."

A rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa lọ.

Nígbà tí àgbàdo máa fi gbó, kókó ti bẹ́, ó ti di ihò tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo ní kó lọ sí ọsibítù.

"Kí n dé ibẹ̀ kí n ní kí ni? Ẹ kú iṣẹ́ o, kò sí ibi tó ń dùn mí?"

Ojoojúmọ́ ni mo ń pariwo, ojoojúmọ́ ló ń gun alùpùpù lọ sóko, tòun ti àkísà tó fi di ẹsẹ̀. Ta ni n bá bá jà? Ṣebí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́!

Ìgbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ la tó gbé e lọ. Obìnrin tó ń di ọgbẹ́ níbẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Ìyá, kòkòrò àìfojúrí tó wà lójú ọgbẹ́ yìí lóró. Oró yẹn ló ń pa ìrora. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó bá sún mọ́ ọn, á pa wọ́n. Á sì di ẹnu àwọn tó kù, kí wọ́n má lè pe ara wọn. Ara ò ní mọ̀ pé olè wọlé. 'Kò dùn ún' yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ torí ẹ̀ sáré wá. Ní báyìí, kòkòrò mìíràn ti gba ojú ọgbẹ́ wọ ẹ̀jẹ̀."

Màmá ò sọ ìyẹn fún wa. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún Màmá? Àtàǹpàkò yìí, bíi kí n gé e dànù.

Lọ́jọ́ kejì, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń dùn mí o."

Mo dúpẹ́, bí òmùgọ̀. Mo rò pé ara rẹ̀ ti jí.

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín, lẹ́yìn ilé rẹ̀.