Aràn Inú Àpótí Gíláàsì Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí àwọn ará àdúgbò ń sin ajá, tí wọ́n ń sin adìyẹ, aràn là ń sìn nílé tiwa ní Pápá Àjàó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ẹ dúró ẹ gbọ́. Títí di òní, tí mo bá rí ohunkóhun tó pupa tó ń wọ́ nínú omi, ara mi á bù máṣọ.

Kí n má purọ́, ẹja ni Bàbá ní àwọn fẹ́ sìn. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi, nídìí ẹ́ńjìnnì, nínú ooru àti òórùn epo. Nígbà tó yá, iṣẹ́ dúró. Bàbá padà wálé pẹ̀lú àpò aṣọ kan àti àpótí gíláàsì ńlá kan tí ọ̀gá wọn tó ń kúrò ní Nàìjíríà fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi ń retí kí ọkọ̀ mìíràn pè wọ́n, ọkọ̀ kankan ò pè. Ìdí àpótí yẹn ni wọ́n wá ń jókòó sí láti àárọ̀. Wọ́n á to òkúta etí òkun sínú rẹ̀, wọ́n á tún un tò, wọ́n á máa wo ẹja méjèèjì tó wà níbẹ̀, ọ̀kan aláwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan abilà, ẹ̀rín á sì yọ lójú wọn. Ibòmíràn tí ẹ̀rín ti ń yọ lójú Bàbá nígbà yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ta ló ń jìyà ẹ̀? Èmi Rísì ni. Ẹja omi iyọ̀ ni ẹja Bàbá, kì í gbé inú omi kànga, kì í gbé inú omi ẹ̀rọ, àfi omi òkun. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, èmi àti Bàbá á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etí òkun, a ó bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, àwọn kọ̀ńdọ́ á máa bi wá bóyá a fẹ́ lọ máa se iyọ̀ tà ni. Omi á máa ro sí mi lẹ́sẹ̀, tó bá sì gbẹ, ẹsẹ̀ mi á funfun bíi ti ẹni tí kò fojú rí ìpara rí. Ìyẹn tún dáa. Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi bá dákẹ́, wọ́n á pè mí kúrò nídìí eré tẹ́n-tẹ́n wá máa fi ife bu omi náà, kí n máa dà á padà láti òkè kí ẹja lè rí èémí mí. Mo ń bù, mò ń dà, apá mi ń já. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré lójúde, èmi ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró fún ẹja.

Ibi tí mo ti ń rò pé ìyà ti tó, aràn dé. Inú òkúta etí òkun yẹn ló fara pamọ́ sí bá wa wọlé. Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Ó gùn tó ìka ọwọ́, ó pupa bí ekòló, irun hù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Màámi ní kí Bàbá wá wo ohun tí wọ́n kó wọ pálọ̀ àwọn. Bàbá ní kí ni wọ́n ń pariwo sí, ṣebí ọ̀kan ṣoṣo ni, ni wọ́n bá ti ọwọ́ bọ omi, wọ́n mú un. Irun aràn yẹn ju wèrèpè lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi ń fi epo pupa pa ìka, tí wọ́n ń sọ pé kò dùn wọ́n. Kí oṣù tó parí, aràn kan ti di ogún, ogún ti di àìmọye.

Bí gbogbo ilé ṣe di oníṣègùn aràn nìyẹn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, tí wọ́n wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn ò padà mọ́, ní kí ni a ń dààmú ara wa sí, ṣebí iyọ̀ la fi ń pa ekòló. Kí a tó wẹ̀yìn, wọ́n ti bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sínú àpótí. Ẹ gbà mí! Aràn tí wọ́n bí sínú iyọ̀, tó dàgbà sínú iyọ̀! Ó jọ pé ńṣe ni àwọn aràn náà rò pé a bá wọn tún ọbẹ̀ ṣe. Ẹja ló fẹ́ kú. Èmi àti Bàbá fi odidi ọ̀sán gbọ́n omi kúrò, a sì tún di èrò etí òkun lọ́jọ́ kejì.

Màámi ní tiwọn gbà pé ara àwa ọmọ ni aràn náà ti wá, pé súìtì tí à ń jẹ ló pọ̀ jù. Báwo ni aràn ṣe máa kúrò nínú ikùn ọmọ tó máa lọ wọ àpótí gíláàsì? Ẹ má bi mí. Wọ́n to èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì sórí ìlà, wọ́n fún wa ní oògùn aràn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dúró tì wá títí a fi gbé e mì. Àbúrò mi kékeré bi wọ́n pé ṣé wọn ò ní fún ẹja lára ẹ̀ ni. Ìgbájú ló fi gba èsì.

Ti Bàbá ló tiẹ̀ ní orí díẹ̀. Wọ́n fi edé sínú ìgò kékeré, wọ́n rì í sísàlẹ̀ omi. Tó bá di àárọ̀, aràn bíi mẹ́jọ á ti kó sínú ìgò, èmi ni wọ́n á sì ní kí n lọ dà wọ́n nù. A ń kó mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó sú mi débi pé lẹ́yìn ìrun, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó kúkú gba ẹja méjèèjì kí gbogbo wa sinmi.

Lọ́jọ́ kan, àlejò Màámi ń mu mínírà lọ́wọ́ ní pálọ̀ nígbà tí aràn kan gun ara gíláàsì, ó na ara ẹ̀ tán pátá níwájú obìnrin náà. Obìnrin náà gbé ìgò sílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án mọ́ títí ó fi lọ. Màámi ò pariwo. Wọ́n fara balẹ̀ bá Bàbá sọ ọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

“Bàbá Rísì, ààwẹ̀ ti dé tán. Tí aràn yìí bá ṣì wà níbí lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, àpótí yìí á jáde.”

 Bàbá gbé ọwọ́ lé gíláàsì náà, wọ́n sì ń wo inú omi. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà kí ẹja kú, nígbà tí mo rí ojú bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, mo yí àdúrà padà kíá.

Ààwẹ̀ wọlé. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ gba odidi rẹ̀, ẹ sì mọ bí ààwẹ̀ ọmọdé ṣe ń rí: láti ìrun ọ̀sán ni mo ti ń wo oòrùn bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ilé dá páro. Kò sẹ́ni tó ń jẹun ní pálọ̀ lọ́sàn-án; sàárì pàápàá, ìdí ààrò la ti ń jẹ ẹ́. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn ayálégbé yòókù la ti ń ṣínu, gbogbo wa á jókòó ti ògì àti àkàrà gbígbóná, pálọ̀ á ṣófo. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sínú ààwẹ̀, ìgò Bàbá jáde pẹ̀lú aràn méjì péré. Ó tún di ọ̀kan. Nígbà tó fi máa pé ogún ọjọ́, edé inú ìgò kàn ń rùn lásán ni, kò sí aràn tó wá jẹ ẹ́.

Ìyá Àgbà ní iyọ̀ àwọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Màámi ní oògùn tí àwọn fún àwọn ọmọ ni. Bàbá ní oore ààwẹ̀ ni. Èmi tí ebi ti fẹ́ sọ di aláìmọ̀kan wá la ẹnu, mo ní bóyá nítorí pé mi ò fún wọn ní búrẹ́dì mọ́ ni.

Bàbá ní, búrẹ́dì wo? Bí ọ̀rọ̀ ṣe tú nìyẹn. Bàbá ti kìlọ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni ẹja ń jẹun, ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú, àti pé àwọn nìkan ni yóò máa fún wọn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá ń jẹun, ẹja abilà yẹn á wá dúró síwájú mi, á máa la ẹnu, á máa pa á dé. Ta ló lè gbé búrẹ́dì mì bẹ́ẹ̀? Àwọn àbúrò mi jẹ́wọ́ bisikíìtì. Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ jẹ́wọ́, ńṣe ni wọ́n gbójú sókè pé àwọn ń fún wọn lákàrà.

“Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́,” ni wọ́n wí. “Mi ò lè máa jẹun kí ẹ̀dá Ọlọ́run máa wò mí lẹ́nu.”

Màámi nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ìkòkò.

Kálukú ti rò pé òun nìkan ló láàánú lójú. Ohun tí ẹja ò bá lè jẹ tán á rì sísàlẹ̀, òun ni aràn fi ń ṣe ọdún lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹnu wa dúró, ẹnu aràn náà dúró. Bàbá mi orí, wọ́n ní, “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.” Inú bí mi, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé, gbogbo ìgò aràn tí mo dà nù, oògùn kíkorò tí mo gbé mì, àṣé àwa fúnra wa la ń bọ́ wọn!

Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ pé, kò sí aràn kan. Bàbá ti fi aṣọ nu gíláàsì náà títí ó fi ń dán, wọ́n wọ agbádá, wọ́n sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣàlàyé ẹja fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Nígbà tí àwọn àlejò bọ́ síta lọ ya fọ́tò, Ìyá Àgbà ní kí àbúrò mi lọ kó abọ́ wá, ó kọ̀, ni mo bá wọ pálọ̀ lọ fúnra mi. Màámi ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń fi ìka fa ẹran díndín ya wẹ́wẹ́ sínú omi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọwọ́ wọn sì mọ ọ̀nà. Ẹja méjèèjì ti wà lókè, wọ́n ń dúró dè wọ́n. Ó hàn gbangba pé ìyẹn kọ́ ni àkọ́kọ́.

Màámi yíjú, wọ́n rí mi. Ojú tì wọ́n díẹ̀, wọ́n sì gbìyànjú láti le ojú mọ́ mi, kò ṣeé ṣe.

“Ọdún ni, Rísì. Ṣé kí wọ́n máa wò wá lásán ni?”

Kí oṣù kejì tó parí, aràn ti padà. Màámi ò sì tún sọ ọ́ láyé wọn pé kí àpótí yẹn jáde. Pálọ̀ ló wà títí Bàbá fi papò dà.

Lónìí, Ìpọ̀nrí ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọkùnrin wa kan. Ọmọ yìí ló ní òun fẹ́ ẹja omi iyọ̀. Ọdún méjì ni mo fi kọ̀ fún un, kó tó di pé bàbá ẹ̀ rà á lẹ́yìn mi. Ẹ wo ayé ìsinsìnyí. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí etí òkun, iyọ̀ inú ike ni wọ́n ń pò mọ́ omi. Tí iná bá lọ, bátìrì á gbà á, kò sí ọmọ tó ń fi ife bu nǹkan kan. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí ẹ̀ tó ń já ìwọ̀nba oúnjẹ sílẹ̀ lákòókò, nítorí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwa ti ń jáde, tí a bá sì fi máa wọlé, ó ti rẹ kálukú kọjá ẹni tó lè la ẹnu. Omi náà mọ́ gaara. Ó pé ọdún kan báyìí, a ò rí aràn kan ṣoṣo, mo sì ti fi yangàn kiri.

Lóṣù tó kọjá, Màámi wá kí wa. Wọ́n ti dàgbà, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n dúró síwájú ẹja náà, wọ́n wò ó títí. Wọ́n bi mí pé ta ló ń fún wọn lóúnjẹ. Mo ní ẹ̀rọ ni. Màámi wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wo pálọ̀ mi, wọ́n tún wo ẹja.

“Omi yín mọ́ o, Rísì,” ni wọ́n wí. “Àmọ́ ẹja yìí ò lẹ́nìkan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú.  Ní ọjọ́ kejì, mo yọ ẹ̀rọ náà kúrò, mo ní kí ọmọ mi máa fún wọn láàárọ̀, kí bàbá ẹ̀ máa fún wọn nírọ̀lẹ́, èmi náà á máa fún wọn nígbàkígbà tí mo bá kọjá. Tí aràn bá fẹ́ dé, kó máa bọ̀.