Mo Gbọ́ Òórùn, N Ò Gbọ́ Ọ̀rọ̀

Balùwẹ̀ ilé wa ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì ní òórùn kan nígbà kan rí, ọ̀rẹ́ mi, tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Kì í ṣe òórùn ìgbẹ́, kì í sì í ṣe ti òkú eku. Ìtọ̀ ni, ìtọ̀ tó ti pẹ́, tó dà pọ̀ mọ́ pákó tó rin sómi àti aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú báàgì gbàgbé. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ fara pamọ́ fún ọ. Á jẹ́ kí o wọlé, kí o tilẹ̀kùn tán, kí o mí kanlẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò tó gbá ọ nímú. Mo lè sùn nínú ariwo, mo lè jẹun nínú ooru, ṣùgbọ́n èmi àti òórùn kì í gbé ilé kan náà. Láti kékeré ní Ìsẹ́yìn ni ìyá tó bí mi ti máa ń sọ pé imú mi mú ju ti ajá ọdẹ lọ, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba oyè.

Nígbà tí a ra ilé náà, balùwẹ̀ yẹn gan-an ló wọ̀ mí lójú jù. Táìsì funfun ni láti ilẹ̀ dé òkè. Ẹni tó kọ́ ọ ti fi pákó kan àpótí gígùn bo àwọn páìpù tó wà lẹ́yìn àga ìgbọ̀nsẹ̀, ó wá lẹ táìsì mọ́ pákó náà lójú, tí ènìyàn ò fi ní mọ̀ pé kì í ṣe ògiri. Kò sí páìpù kan tó yọjú síta. Bí àlejò bá wá, mo máa ń dá ọgbọ́n kí wọ́n lè wọ ibẹ̀ lọ fọwọ́. Má fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la ní ibi tí a ti ń ṣe fáàrí.

Ọdún kejì tí a débẹ̀ ni ọkọ mi lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìgèdè. Orúnkún ìyá ti wú, dókítà ní Adó sì ní kí wọ́n máa wá fún ìtọ́jú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, pé bí wọ́n bá já a sọ́nà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́. Iṣẹ́ oko ni ìyá fi gbogbo ayé wọn ṣe. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Nítorí èmi tí mo wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n máa ń rọra tún ahọ́n wọn ṣe kí èdè Èkìtì wọn má baà le jù fún mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbàgbé, ilé á di "ulé", iṣu á di "uṣu", a ó sì jọ bú sẹ́rìn-ín.

Oṣù kejì tí wọ́n dé ni imú mi dá ẹjọ́. Òórùn náà máa ń le jù lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ìyá bá fi omi gbígbóná wẹ̀ tán. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá? Àgbàlagbà ni, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè tètè dé orí àga ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á ti tọ̀ sílẹ̀ ni. Mo da bílíìṣì sílẹ̀ títí ojú mi fi ń ta, mo ń fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, òórùn náà ò mira. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́ fún ọ, mo ti ń gbọ́ ọ fírífírí kí ìyá tó dé. Nígbà yẹn, gọ́tà aládùúgbò wa ni mo dì í rù. Ẹni tí mo máa di nǹkan rù kì í wọ́n mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ń wẹ̀, wọ́n jókòó lórí àga kékeré wọn, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpótí páìpù yẹn. Wọ́n pè mí. Wọ́n fi ìka kan táìsì náà, kó-kó-kó, wọ́n dẹtí, wọ́n ní, "Ìyàwó, nǹkan ń bẹ lẹ́yìn ògiri yìí o." Bí etí mi ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Mo ní, "Nǹkan bíi kí ni, Màámi?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè ní omi. Wọ́n ní, "Mò ń gbúròó rẹ̀. Ó ń jẹun."

Ara mi bù máṣọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àgbàlagbà bá ní nǹkan wà lẹ́yìn ògiri, tí kò dárúkọ rẹ̀, tó tún ní ó ń jẹun, àdúrà là ń gbà fún un. Lọ́jọ́ náà ni mo sọ fún ọkọ mi pé, "Màámi ní nǹkan wà lẹ́yìn ògiri balùwẹ̀." Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àbí wọ́n ti fẹ́ máa ṣarán ni?" Ìyá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní, "Ẹ má dààmú, Màámi, kò sí nǹkan kan." Nígbà tó yá, wọ́n pa ẹnu mọ́.

Mo lọ sí ọjà ní Fájuyì, mo ra póò oníke kan tó ní ìdérí, mo ra rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́. Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ máa yọ ara wọn lẹ́nu lọ sí balùwẹ̀ mọ́. Wọ́n wo póò, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "O ṣé, ìyàwó." Ohùn wọn kéré, ṣùgbọ́n mi ò wá ìdí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí olùkọ́ kan tí a jọ ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ fi wá kí mi. Ó wọ balùwẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ọwọ́ nímú. Ojú tì mí débi pé ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Kí ó tó sọ ohunkóhun, mo ti ní, "Ẹ má bínú o, ìyá àgbà ló wà nílé." Ó mi orí, ó ní, "Haa, ẹ kú sùúrù o." Mo gba ìyìn sùúrù yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i tí kátíìnì mì. Ìyá wà lẹ́yìn rẹ̀, ife lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bọ̀ wá bu omi mu. Wọ́n yí padà, ọ̀pá wọn ń dún lórí ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ò mu omi nílé wa mọ́ àyàfi èyí tí wọ́n fi ń gbé oògùn mì. Ètè wọn ń bó. Mo rí i, mo sì ní ara àgbà ni. Nígbà tó di òpin oṣù kẹta, tí ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì, wọ́n sọ fún ọkọ mi pé, "Mo fẹ́ lọ s'úlé mi." Ó bẹ̀ wọ́n títí. Èmi náà bá a bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Inú mi ti ń ṣètò bí n ó ṣe fọ balùwẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ ni mo kó búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ, mo ní lónìí ni òórùn yìí yóò mọ̀ pé ilé mi kọ́ ni ilé bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn àga ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń gbo ó. Ọṣẹ yọ̀ mí, mo fọwọ́ ti àpótí páìpù kí n má baà ṣubú. Táìsì náà wọlé lọ gbùú, pákó tó gbé e ró ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ọwọ́ mi wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Ohun tó kí mi káàbọ̀ níbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó yọ̀, ó sì ń rìn. Mo fa ọwọ́ yọ, aáyán ń sáré gun apá mi lọ sí abíyá, òmíràn ti wọ inú bùbá mi. Ẹrẹ̀ pupa tó ń rùn bí ìtọ̀ lẹ̀ mọ́ mi léèékánná. Mo pariwo, mo bọ́ aṣọ síbẹ̀, mo sì bì sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tán.

Pọ́ńbà tó wá tún páìpù náà ṣe lọ́jọ́ kejì jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Adó. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó fi irin yọ gbogbo táìsì ibẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í wọ ibẹ̀. Ògiri tèmi ti lanu tipẹ́, táìsì funfun ni mo fi bò ó lẹ́nu. Ògiri ẹ̀yìn ibẹ̀ ti hu, ó dúdú, ó hu irun. Ẹyin aáyán lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n dà sílẹ̀. Ìdin ń yí nínú pákó tó ti jẹrà, omi aláwọ̀ tíì ń ro tó, tó, tó láti ara páìpù. Níbi tí pákó ti gbẹ díẹ̀ lókè, erùpẹ̀ pupa là á kọjá bí okùn, àwọn kòkòrò funfun kéékèèké sì ń ya jáde láti inú rẹ̀ lọ́gọ́ọ̀rọ̀.

Bàbá náà ní, "Ukán nì yí o! Ukán ti jẹ ẹ́ tán, Tíṣà."

Mo ní, "Kí lẹ pè é, bàbá?"

"Ukán. Ikán lẹ̀yin ń wí lọ́dọ̀ yín."

Etí mi dún wíì. Ìyá ò sọ pé nǹkan ń bẹ lẹ́yìn ògiri. Ukán ni wọ́n ní ó ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi ni mo sọ ọ́ di iwin, tí mo sì gbé iwin yẹn lọ fún ọkọ mi. Obìnrin tó ti ń bá ikán jà nínú oko láti ìgbà èwe rẹ̀ jókòó sínú balùwẹ̀ mi, ó gbúròó ikán tó ń jẹ ilé mi, ó kìlọ̀ fún mi, mo sì ra póò fún un.

Mo tiraka bi bàbá náà pé, "Òórùn ìtọ̀ yẹn ńkọ́?" Ó fi irin rẹ̀ kan oríkèé páìpù ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní, "Ó ti ya níbí. Ìdajì ohun tí ẹ bá tọ̀, inú àpótí yìí ló ń dà sí, bí ooru omi ìwẹ̀ bá sì kàn án, òórùn rẹ̀ á ru sókè." Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó fọwọ́ fún pákó náà, omi jáde lára rẹ̀. Ó ní, "Á ti lé lọ́dún kan." Oṣù mẹ́ta péré ni ìyá lò lọ́dọ̀ wa. Ìtọ̀ tèmi àti ti ọkọ mi ló ti ń kan nínú àpótí tí mo fi ń ṣe fáàrí. Gbọ́ kan náà ni etí àti imú jọ ń lò nínú èdè wa. Èmi gbọ́ òórùn, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀, òórùn ara mi ni mo sì gbọ́.

Sátidé ni mo wọkọ̀ lọ sí Ìgèdè. Mo bá ìyá níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ẹsẹ̀ wọn nà sórí àpótí ìjókòó, orúnkún náà ti tún wú sí i. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, ikán, páìpù, ìtọ̀. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni." Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún àlejò rẹ yẹn." Wọ́n ní, "Mo wá rò ó pé bóyá èmi ni lóòótọ́. Láràárọ̀, kí ẹ tó jí, mo máa ń gbóòórùn aṣọ mi."

Mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ẹ ti pa ukán náà?" Mo ní a ti pa á. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bu omi wá kí mi mu." Mo fi ife ńlá bu omi nínú ìkòkò. Wọ́n mu ún títí ó fi tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n tún na ife náà sí mi.

Wọ́n padà wá sí Adó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. A ò kan àpótí mọ́ bo páìpù. Gbogbo rẹ̀ wà níta gbangba, kò lẹ́wà, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aáyán àti ìdin yẹn ti ń kúrò lójú mi díẹ̀díẹ̀. Ohùn mi tó ń sọ pé "ìyá àgbà ló wà nílé" ni kò kúrò, òun ló ń rí mi lára jù. Bí òórùn kan bá tún yọ nílé wa nísinsìnyí, aṣọ ọrùn ara mi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé sí imú.