Omi Tí Mo Dà Sílẹ̀ Létí Adágún

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí irùngbọ̀n kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò hù lágbọ̀n mi, mo rò pé kò sí omi tí kò ṣeé mu. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ dúdú apá Ìsàbà á máa fa bàtà yọ lẹ́sẹ̀ ẹni. Níbo ni irú èmi ti fẹ́ mọ aṣálẹ̀?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Sakété. Ilé ìwé kan náà la lọ, ọkọ̀ ojú irin kan náà la sì jọ ń sá gùn. Ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí bàbá rẹ̀ bá àwọn òyìnbó tó ń gbẹ́ kànga lọ sókè, kọjá ilẹ̀ Gàm̀bàrí, kò sì padà. Lẹ́yìn òmìnira ni ọkùnrin kan ti òkè dé, ó ní òun rí bàbá náà, pé ó ń wa kán-ún létí adágún kan nínú aṣálẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣàìsàn nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun ń fẹ́. “Ẹ bá mi mú un wá kí n fojú kàn án. Bí mo bá ti rí i, kí n máa lọ.” Ọ̀rẹ́ mi ní òun á lọ. Èmi náà ní kò lè dá lọ. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Kámíọ̀n akẹ́rù la wọ̀, a jókòó sórí àpò gàrí. Bí a ti ń lọ ni igi ń dín kù, títí a kò fi rí ọ̀pẹ kan ṣoṣo mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ibi tí kò sí ọ̀pẹ, epo wo ni bàbá mi fi ń jẹun?” A rẹ́rìn-ín títí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, awakọ̀ já wa sílẹ̀ létí adágún náà. Omi tẹ́ lọ rẹrẹ, iyanrìn sì yí i ká. Ó nawọ́ sí èéfín tín-ín-rín kan ní òdìkejì, ó ní ibẹ̀ ni àwọn tó ń wa kán-ún wà. Bí a bá gba etí omi yí i ká, ìrìn ọjọ́ kan ààbọ̀ ni. Bídọ̀n omi méjì tó kún ló wà lọ́wọ́ wa. Ó ní, “Ẹ ṣọ́ omi yín o,” ó sì lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ní ìdílé tiwa, ẹni tó bá dé etí omi tí kò mọ̀ rí kì í gbé omi ilé dání níwájú rẹ̀. Á da tọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tán láti fi kí i, kó tó bu tuntun. Bí ìyá ìyá mi ti kọ́ mi nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo da bídọ̀n méjèèjì sílẹ̀ pátápátá. Iyanrìn ti mu ún tán kí n tó dìde. Ọ̀rẹ́ mi tilẹ̀ ṣe “Àṣẹ.”

Mo bu omi adágún, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Mo fi kan ẹnu, mo tu ú dànù. Yéè, mo gbé! Kán-ún ni! Kán-ún tí ìyá mi ń fi se ẹ̀wà, a rò pé inú ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń fọ́ ọ bí òkúta.

A kò lè rin ọjọ́ kan ààbọ̀ láìní omi, la bá fi aṣọ ìbora ṣe ibòòji sára igi ẹlẹ́gùn-ún kan, à ń retí bóyá ọkọ̀ á kọjá. Ní ọjọ́ kejì, òùngbẹ borí ọ̀rẹ́ mi, ó mu omi náà. Ìgbẹ́ gbuuru dá a dùbúlẹ̀. Èéfín yẹn kò sì kúrò lójú wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kámíọ̀n kan dé, ọ̀nà ilé ló ń lọ. Awakọ̀ rẹ̀ fún wa lómi mu, ṣùgbọ́n ó ní omi tó kù kò ju èyí tí àwọn èrò òun yóò mu lọ, kò sí èyí tí a ó gbé rìn dé òdìkejì. Ọ̀rẹ́ mi di ẹsẹ̀ mi mú. “Fi mí sílẹ̀. Bàbá mi nìyẹn. Ṣé o ò rí i ni?” Èéfín ló ń nawọ́ sí. Mo gbé e sínú kámíọ̀n bí ẹni gbé àpò. Ó ń sunkún, omi kò sì jáde lójú rẹ̀.

Nígbà tí a dé Sakété, àwọn aládùúgbò ń kí wa pé, “Omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Háà! Ilẹ̀ ì bá lanu gbé mi mì. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn wa bóyá ẹnìkẹta ń bọ̀. Àgbàdo ọdún yẹn kò tíì gbó tó fi kú. A kò sì gbúròó bàbá náà títí dòní.

Ọ̀rẹ́ mi kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó ń wá sí Pọ́bẹ̀, à ń jẹun, à ń ṣeré. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé omi fún un bí a ti ń ṣe fún àlejò, á ní, “Òùngbẹ kò gbẹ mí.” Títí tí orí àwa méjèèjì fi funfun.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀ ń tẹ fóònù, ẹ sì ń rí ojú bàbá yín tó wà lókè òkun. Ẹ̀ ń mu omi inú ọ̀rá dé ìdajì, ẹ sì ń sọ ìyókù sí títì. Mo ń wò yín. Ayé ti yí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí dé ọ̀dọ̀ tèmi.

Ní èṣí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Sakété. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí ẹní, ètè rẹ̀ ti bó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ife omi lé mi lọ́wọ́ pé kí n fún un. Mo gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó wò mí pẹ́, ó sì yíjú sí ògiri. Ìgbà tí ọmọ náà gba ife lọ́wọ́ mi ló tó mu ún.