Èjìká Haneefah

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ ti Haneefah, ọmọ àbúrò mi tó ń hun aṣọ òkè ní Ọ̀yọ́.

Èjìká ọ̀tún ń dùn ún. Gbogbo wa ní òfì ló fà á. Mo fi òrí ra á títí. Sàídù ọkọ rẹ̀ ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn ló fẹ́ràn jù láyé.

Ààwẹ̀ dé. Haneefah ń hunṣọ láti àárọ̀, èjìká ò dùn ún. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi àkàrà ṣínu tán, ìrora dé.

Ó sọ fún Sàídù pé, “Bàbá Bushrah, òfì kọ́ o. Oúnjẹ ni.”

“Ṣé èjìká ló ń jẹ àkàrà ni?”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mò ń lọ sílé ìwòsàn l'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́la.”

Mo tẹ̀lé e lọ. Dókítà fi ẹ̀rọ yẹ ikùn rẹ̀ wò, ó rí òkúta nínú àpò òróòro.

Ó kọjú sí mi. “Màmá, tó bá ti jẹ ohun elépo, àpò yẹn á fún pọ̀ mọ́ òkúta náà, á sì máa dùn ún. Iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ibẹ̀ àti ti èjìká, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà dé ọpọlọ. Ọpọlọ wá ṣi ẹni tó ránṣẹ́ mọ̀. Iṣẹ́ abẹ ló kù.”

Mo di ọwọ́ Haneefah mú. Kò tiẹ̀ wojú mi.

“Dókítà, ẹ yọ ọ́. Ìgbà wo ni mo máa padà sídìí òfì?”