Bàbá Onígunmẹ́ta àti Koríko Etí Odò

Níbi ìsìnkú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á síṣẹ́ ni Bàbá Onígunmẹ́ta ti ṣe èyí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn. Tíṣà tó ń kọ́ni nípa ewéko ni bàbá, ó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́, ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀pá koríko etí odò kan yọ láàárín òdòdó orí pósí, ó ń fi ìka méjì yí i.

“Ta ló ní koríko gidi lèyí? Igun mẹ́ta ló ní! Koríko gidi, roboto ni, inú ẹ̀ ṣófo, ó sì ní oríkèé. Ẹbí ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà!”

Ìyàwó ẹ̀ fa kóòtù ẹ̀ lẹ́yìn. “Bàbá, wọn ò tíì sin olóògbé.”

“Ẹ jẹ́ ó ní sùúrù. Kí ló ń lé e?”

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyàwó ẹ̀ ra ẹní tuntun, kó tó yọjú sí aládùúgbò kó sì padà dé, bàbá ti tú u dé ìdajì. Onígun mẹ́ta lọ́tọ̀, olóríkèé lọ́tọ̀, èyí tó roboto tí ò ní oríkèé lọ́tọ̀.

“Èmi dà? Ibo ni kí n sùn sí?”

Bàbá ronú dáadáa. “Èyí tí ò ní oríkèé yẹn ló rọ̀ jù.”

Nígbà tó yá, ojú ẹ̀ fọ́, iyè ẹ̀ náà ń ra. Ó wá ń pe ìyàwó ẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dun ìyá yẹn jù ni pé ọkọ òun lè kú láì mọ òun mọ́.

“Bàbá, ta ni èmi yìí?”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o.”

Ìyá á rẹ́rìn-ín, á wọ kíṣìnì lọ, á nu ojú ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ tí yàrá ṣú, bàbá gbá ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú, ó ń fi ìka méjì yí ìka ẹ̀ kan. Ó kan oríkèé tó wú, ó kan òrùka tí ò ṣeé bọ́ mọ́.

“Olóríkèé ni,” ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́. “Àmọ́ inú ẹ̀ ò ṣófo. Ìyàwó mi nìyí.”

Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀. “Ẹ wo bàbá yìí! Ṣé bí ẹ ṣe ń mọ koríko náà lẹ fi mọ̀ mí?”

Kò pẹ́ tí bàbá fi kú. Nígbà tí wọ́n gbé òdòdó wá síbi pósí ẹ̀, ìyá ní kí wọ́n dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀pá koríko kan yọ láàárín òdòdó náà, ó ń fi ìka méjì yí i. Ọmọ ẹ̀ fa aṣọ ẹ̀ lẹ́yìn. “Màmá, wọ́n ń dúró dè yín.”

“Ẹ jẹ́ wọ́n ní sùúrù. Kí ló ń lé wọn?”

Ó yí i títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì dá a padà sí àyè ẹ̀.

“Onígun mẹ́ta ni, bàbá.”